Ipa-hóró, okùn-èéfín tàbí ìlà-ìṣàn: èwo ló yẹ kí ẹ fi wo ìṣàn tó ń yí padà?

Ní àsìkò ọyẹ́ tó kọjá, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó ń gbé ní agbègbè Under-G ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi. Ó ti ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ kọjá lára tánkì omi ńlá kan tó wà láàrin ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí àti ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti ya ìlà sórí ìṣirò náà. Gẹ́gẹ́ bí àwòrán rẹ̀ ṣe wí, ńṣe ni èéfín ààrò gàrí yóò gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ilé kejì kọjá lọ láìyà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń gbé inú yàrá yẹn kì í ṣí fèrèsé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí èéfín. “Ẹ̀gbọ́n, mo ti yẹ ìṣirò yìí wò lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. Òótọ́ ló sọ. Irú ìlà tó fi wo ìṣirò náà ni kò bá ìbéèrè rẹ̀ mu.

Bí ìṣàn bá dúró sójú kan, èyíinì ni pé bí eré omi tàbí afẹ́fẹ́ àti ìhà tó kọjú sí ní ibì kọ̀ọ̀kan kò bá yí padà bí àkókò ti ń lọ, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fẹ́ fi wéra yìí yóò wọnú ara wọn, ẹni tó bá ya ọ̀kan ti ya gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde láìmọ ìyàtọ̀ wọn. Ìgbà tí ìṣàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ni oníkálukú wọn tó ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ìgbà náà gan-an sì ni ètò kọ̀ǹpútà máa ń gbé èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù síwájú ẹni, ìyẹn ìlà-ìṣàn.

Ọ̀kadà Tákíè

Ẹ fojú inú wo ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń gbéra ní Tákíè, nínú Ògbómọ̀ṣọ́. Ká ní a so àpò ẹfun tó ti lu mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà kan ṣoṣo láti àárọ̀. Ìlà funfun tí a máa bá nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú gbogbo ibi tó yà sí àti ibi tó ti ṣẹ́rí padà, ni mo ń pè ní ipa-hóró, tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pathline. Hóró ni ẹyọ kékeré kan tí omi tàbí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ; ọ̀kadà ló dúró fún un níbí.

Ká tún ní aago méjìlá ọ̀sán lù, a sì wá ibi tí gbogbo ọ̀kadà tó ti gba ẹnu ọ̀nà kan náà jáde láti àárọ̀ wà ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, a wá fi okùn so wọ́n mọ́ra gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn jáde. Okùn yẹn ni okùn-èéfín, èyí tí wọ́n ń pè ní streakline, nítorí pé bí èéfín ṣe ń jáde lẹ́nu ààrò nìyẹn: èyí tó jáde ṣáájú ti lọ jìnnà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣì wà nítòsí, gbogbo wọn la sì ń rí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìlà-ìṣàn, tàbí streamline, kò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Ó dà bí ẹni pé a ya fọ́tò gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè, a wo ibi tí orí ọ̀kadà kọ̀ọ̀kan kọjú sí, a sì fa ìlà kan tó ń bá ìkọjúsí wọ̀nyẹn lọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ó ṣeé ṣe kí ó má sí ọ̀kadà kankan tó gba ìlà yẹn rí láti àárọ̀.

Ìkẹrin wà tí n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí ogún ọ̀kadà bá tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí wọ́n sì gbéra pọ̀, bí ìtò wọn ṣe ń wọ́ bí wọ́n ti ń lọ ni ìlà-àjọgbéra, timeline. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ fi hàn pé omi tó wà nítòsí ògiri máa ń falẹ̀ ju èyí tó wà láàrin lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ lè fi í sílẹ̀.

Ìwọ̀n ìyàtọ̀ wọn

Àwọn kan gbà pé ìyàtọ̀ yìí kò ju àlàyé inú ìwé lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà dì í mú. Ká ní afẹ́fẹ́ kan ń fẹ́ síwájú ní mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láìyẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń gbé nǹkan lọ sókè, ó sì ń gbé e padà wá sísàlẹ̀, tí lílọ àti bíbọ̀ náà ń gba ìṣẹ́jú àáyá 4. Ní góńgó rẹ̀, eré ìgbésókè yìí náà jẹ́ mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá, a sì bẹ̀rẹ̀ kíkà ní àkókò góńgó yẹn. Ihò kékeré kan ń tú èéfín sílẹ̀ láìdáwọ́ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ kíkà.

Hóró èéfín tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò máa lọ bí ejò: yóò gòkè ju ihò lọ ní mítà 0.64, yóò sọ̀kalẹ̀ kọjá ihò ní mítà 0.64, ìgbì kọ̀ọ̀kan yóò sì gùn ní mítà 4. Ní ìṣẹ́jú àáyá karùn-ún, ìgbésókè afẹ́fẹ́ ti di òdo fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ìlà-ìṣàn tẹ́ gbọọrọ lọ síwájú láìní ẹ̀kọ́rọ̀ kankan. Okùn-èéfín ní ìṣẹ́jú yẹn kan náà kò jọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí pé gbogbo rẹ̀ pátá ló wà lókè ihò, góńgó rẹ̀ ga tó mítà 1.27, kò sì sí apá kan rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ihò. Afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, àwòrán mẹ́ta tí kò bára wọn tan.

Ẹ̀tàn kan tún wà nínú àpẹẹrẹ yìí kan náà. Ní ìṣẹ́jú àáyá kẹrin géérégé, okùn-èéfín yóò sùn lé orí ipa hóró àkọ́kọ́ yẹn láìyẹ̀ rárá. Ẹni tó bá wo àwòrán ìṣẹ́jú yẹn nìkan yóò búra pé ohun kan náà ni méjèèjì. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n wéra, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àkókò kan ṣoṣo.

Ìbéèrè yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ọ̀nà tí mo máa ń gbà mọ èyí tó yẹ ni pé mo máa ń ní kí ẹni tó ni iṣẹ́ náà sọ ìbéèrè rẹ̀ ní gbólóhùn kan, láìdárúkọ ìlà kankan. Bí ohun kan tó ń rìn bá jẹyọ nínú gbólóhùn náà, ipa-hóró ló ń wá. Ẹni tó bá ń béèrè bóyá ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tí wọ́n jù sínú odò Ọbà lónìí yóò dé ẹnu ibi tí wọ́n ti ń fa omi ní ìsédò kò ní ohun tí ìlà-ìṣàn lè sọ fún un. Nígbà tí wọ́n rí apá ìyẹ́ ọkọ̀ òfúrufú MH370 ní erékùṣù Réunion ní oṣù keje ọdún 2015, lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà ti sọnù láti oṣù kẹta ọdún 2014, ipa-hóró ni àwọn onímọ̀ òkun fi ṣírò ibi tó ti lè gbéra. Wọ́n tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ hóró sílẹ̀ nínú ìṣirò nítorí pé hóró kan ṣoṣo kò tó ṣe ẹlẹ́rìí nínú omi tó ń yí padà: ìyàtọ̀ kékeré níbi tó ti gbéra lè gbé e lọ sí ibòmíràn pátápátá.

Àbùkù ipa-hóró ni pé ojú kì í lè kà á bó bá ti pọ̀ jù. Ipa méjì lè dábùú ara wọn, ipa kan náà sì lè dábùú ara rẹ̀, nítorí pé àkókò tí hóró gba ibẹ̀ kọjá yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá ya 200 sórí àwòrán kan, yóò dà bí irun tí wọn kò yà láti oṣù mẹ́ta. Èmi kì í kọjá 20 lórí àwòrán tó dúró sójú kan, mo sì máa ń fi àwọ̀ sọ ìgbà tí hóró wà níbì kọ̀ọ̀kan.

Bí ó bá jẹ́ ibì kan ló jẹyọ nínú gbólóhùn yín, bíi ẹnu ààrò, ojú gọ́tà tàbí páìpù tó ń jò, okùn-èéfín ni kí ẹ yàn. Òun nìkan náà ló jọ ohun tí ojú lásán ń rí, nítorí náà òun ló yẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé àwòrán kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tàbí fídíò. Nígbà tí Osborne Reynolds, onímọ̀ ìṣàn omi, tú omi aláwọ̀ sínú páìpù onígíláàsì ní Manchester ní ọdún 1883, tó sì rí i pé okùn àwọ̀ náà ń lọ tààrà bí eré omi bá kéré, ó sì ń dàrú bí eré bá pọ̀, okùn-èéfín ló ń wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ló lò.

Ṣùgbọ́n okùn-èéfín máa ń rántí ohun tó ti kọjá, ìrántí rẹ̀ sì lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹ̀kọ́rọ̀ tó wà lára rẹ̀ lónìí lè jẹ́ ohun tó bá a ní ìwájú ilé, kì í ṣe níbi tó wà nísinsìnyí. Ní ọdún 1962, onímọ̀ ìṣàn kan, F. R. Hama, fi ìṣirò hàn pé okùn-èéfín lè ká ara rẹ̀ jọ bí ìgbín nínú ìṣàn tí kò sí ìjì yíyí (ibi tí afẹ́fẹ́ tàbí omi ti ń yí po) kankan tó ń ká a jọ. Mo ti rí iṣẹ́ àṣekágbá tó ju ẹyọ kan lọ tí wọ́n ti ka iye ìká tó wà nínú èéfín, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ìjì yíyí. Ìká èéfín kò tó ẹ̀rí.

Kí wá ni ìlà-ìṣàn wà fún? Ó wà fún ìbéèrè tó dá lórí àkókò kan ṣoṣo: níbo ni afẹ́fẹ́ kọjú sí nísinsìnyí, apá wo ló ń yí po lẹ́yìn tánkì, níbo ni ìṣàn ti ya kúrò lára ògiri. Kì í náni ní ohun púpọ̀, fáìlì àkókò kan ṣoṣo ló nílò, ìlà rẹ̀ kì í dábùú ara wọn, ojú sì tètè ń kà á. N kò bá a jà. Ohun tí mo bá jà ni kí wọ́n to ìlà-ìṣàn ọgọ́rùn-ún àkókò tẹ̀lé ara wọn di fídíò, kí ìlà máa mì lójú ènìyàn bí ohun tó ń rìn, kí wọ́n sì sọ pé bí èéfín ṣe ń lọ nìyẹn. Ohun tí ọmọ Under-G wa ṣe gan-an nìyẹn.

Abọ́ omi tàbí kọ̀ǹpútà

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà tó lágbára lè fi abọ́ ìwẹ̀ ńlá, omi àti fóònù rí gbogbo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá ń kán àwọ̀ sínú omi tó ń ṣàn láti ojú kan náà láìdáwọ́ dúró, okùn-èéfín lẹ rí. A máa ń po àwọ̀ náà mọ́ mílíìkì kí ó má baà tètè tú ká, a sì ń fi spírítì díẹ̀ sí i kí ìwúwo rẹ̀ lè bá ti omi dọ́gba, nítorí pé àwọ̀ tó bá wúwo yóò rì fúnra rẹ̀, yóò sì parọ́ fún yín. Bí ẹ bá da lẹ́búlẹ́bú tó ń léfòó sójú omi, tí ẹ sì jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí pẹ́, ipa-hóró ni yóò hàn. Bí ojú kámẹ́rà bá ṣí fún ìgbà kúkúrú, lẹ́búlẹ́bú kọ̀ọ̀kan yóò fi àmì kékeré kan sílẹ̀, àmì wọ̀nyẹn lápapọ̀ yóò sì fi ìlà-ìṣàn hàn. Nípa báyìí, lẹ́búlẹ́bú kan náà nínú abọ́ kan náà lè fún yín ní ìlà méjì tó yàtọ̀, kìkì nítorí bí kámẹ́rà ṣe pẹ́ tó.

Abọ́ omi sàn fún kíkọ́ni. Fún iṣẹ́ tí ẹ ní láti fi nọ́ńbà gbè lẹ́sẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sàn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ̀ǹpútà ní ibi méjì tó ti máa ń yọ́ dàrú.

Àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí ẹ fi ìṣirò pamọ́. Ẹ padà sí afẹ́fẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 4. Bí ẹ bá ń fi fáìlì kan pamọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí ètò sì ń fa ìlà tààrà láti fáìlì kan dé èkejì, gíga ipa-hóró yóò já wálẹ̀ láti mítà 0.64 sí mítà 0.50 géérégé. Bí ẹ bá ń fi pamọ́ ní ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, ó di mítà 0.63. Fáìlì 16 nínú lílọ àti bíbọ̀ kan ni mo gbà gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù. Fún ohun bìrìkìtì bíi tánkì, ìjì máa ń yọ lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, irú èyí tí wọ́n fi orúkọ Theodore von Kármán pè, iye ìgbà tó ń yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan sì jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 0.2 eré afẹ́fẹ́, tí a wá pín pẹ̀lú ìbú ohun náà. Tánkì tó fẹ̀ ní mítà 1 nínú afẹ́fẹ́ tó ń sáré mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá yóò tipa bẹ́ẹ̀ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2.5 fún lílọ àti bíbọ̀ kan. Fáìlì gbọ́dọ̀ máa wọlé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.15 sí ara wọn.

Ibí ni àpò ti ń dun ènìyàn. Bí ìṣirò bá ní ojú kókó (ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò eré) mílíọ̀nù kan, tí ojú kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà eré mẹ́ta tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gba báìtì 4, fáìlì kan jẹ́ MB 12. Ìṣẹ́jú kan gbáko pẹ̀lú àlàfo 0.15 jẹ́ fáìlì 400, ìyẹn GB 4.8; ṣùgbọ́n pẹ̀lú àlàfo ìṣẹ́jú àáyá kan, MB 720 péré ni. Ó yé mi ìdí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń yan èyí tó kéré. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gé ibi tí ẹ kò nílò kúrò nínú àyè ìṣirò, kí ẹ má gé àkókò.

Ìkejì ni bí ètò ṣe ń gbé hóró sẹ́sẹ̀. Ọ̀nà Euler, tó kàn ń wo eré ibi tí hóró wà tó sì ń gbé e síwájú tààrà, rọrùn láti kọ, ṣùgbọ́n inú ìjì yíyí ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú. Bí hóró bá ń yí po lórí òbírípo tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdá mẹ́wàá rédíánì (nǹkan bí ìgbésẹ̀ 63 nínú yíyípo kan), nígbà tí hóró náà bá fi yípo lẹ́ẹ̀kan, Euler yóò ti tì í jáde sí mítà 1.37. Ọ̀nà Runge àti Kutta onígbésẹ̀ mẹ́rin, tó ń wo eré lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gbé hóró síwájú, yóò dá a padà síbi tó ti gbéra, àṣìṣe rẹ̀ kò ní ṣeé fojú rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, síbẹ̀ n kò rí ìdí kankan láti lo Euler fún iṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò kà.

Ètò wo?

Ọ̀fẹ́ ni ParaView, ètò tí wọ́n fi ń ya àwòrán ìṣirò, ó sì lágbára fún ìṣirò tó ní gígùn, ìbú àti gíga. Kí ẹ sáà mọ̀ pé Stream Tracer inú rẹ̀, tí ọwọ́ tètè ń dé, àkókò tó wà lójú nìkan ló ń wò. Ìlà-ìṣàn ló ń yà, ohun yòówù kí ẹ ṣe sí i. Fún ìṣàn tó ń yí padà, Particle Path, Particle Tracer àti StreakLine ni kí ẹ wá lọ sínú rẹ̀. Matplotlib, ohun èlò ìyàwòrán inú èdè kọ̀ǹpútà Python, fúyẹ́ jù ú lọ, kọ̀ǹpútà kékeré sì gbé e láìjanpata, ṣùgbọ́n orí pẹrẹsẹ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, streamplot rẹ̀ náà kì í sì í ya ju ìlà-ìṣàn lọ. Ipa-hóró ni ẹ máa fi ọwọ́ ara yín kọ pẹ̀lú solve_ivp inú SciPy, ohun èlò ìṣirò Python. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti orí pẹrẹsẹ, èmi yóò yan kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ìlà kóòdù bí 40 ni, ẹ ó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí olùdánwò bá béèrè. Parcels wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkun. Bí ti yín kì í bá ṣe òkun, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nípa eruku, nítorí pé àsìkò ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlà tí mo ti ń sọ gbà pé hóró ń lọ ibi tí afẹ́fẹ́ bá darí rẹ̀ sí láìjiyàn. Eruku ọyẹ́ tó kéré tó mìlímítà 0.005 máa ń bá afẹ́fẹ́ mu láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.0002, nítorí náà ẹ lè kà á sí afẹ́fẹ́. Iyanrìn tó nípọn ní ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn yóò gba ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àkókò, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.02, ó sì tún ń jábọ́ fún ìwúwo rẹ̀. Ẹni tó ń wo ibi tí iyanrìn ń bọ́ sí gbọ́dọ̀ fi ìwúwo sínú ìṣirò kó tó máa ya ìlà kankan.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa, a dín àyè ìṣirò rẹ̀ kù sí àárín ààrò àti fèrèsé, a tún un ṣe pẹ̀lú àlàfo 0.15, a sì ń tú hóró sílẹ̀ ní ẹnu ààrò láìdáwọ́ dúró. Okùn-èéfín náà jáde tààrà, ó dé ẹ̀yìn tánkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún fì sósì, orí rẹ̀ sì ń kan fèrèsé ìyá lẹ́ẹ̀kan nínú nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2.5, kó tó tún ṣẹ́rí lọ. Ìlà-ìṣàn rẹ̀ àtijọ́ kò parọ́ nípa ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kò sáà sọ fún un pé èéfín tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá méjì sẹ́yìn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ó fi fídíò náà han ìyá lórí fóònù. Ìyá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Ọmọ mi, èyí tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn,” ó sì béèrè ibi tó yẹ kí wọ́n gbé ààrò sí. Ìṣirò ààrò tí a sún mítà 3 sí apá àríwá ló wà lórí kọ̀ǹpútà báyìí, ó ń dúró de iná.